Ẹ̀sùn lórí ìwé àlọ́ Ìjàpá tí abala kan kò sí nínú rẹ̀

Ìbàdàn,
Ọjọ́ Kejì, Oṣù Kẹsàn-án.

Sí Ọ̀gá Àgbà, Ilé-iṣẹ́ Atẹ̀wétà.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fi ń fi ẹ̀sùn yìí sùn yín lórí ìwé àlọ́ apanilẹ́rìn-ín nípa Ìjàpá, tí mo ra ẹ̀dà mẹ́ta rẹ̀ lọ́wọ́ yín lóṣù tó kọjá fún àwọn ọmọ ọmọ mi mẹ́ta tí wọ́n ti Èkó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi.

Lálẹ́ ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, a dé ibi tí Ìjàpá ti lọ kí àna rẹ̀, tí ó jí ẹ̀bẹ gbígbóná bù sínú fìlà, tí ó sì dé e mọ́rí. Àna ti ń sìn ín sọ́nà, ooru ẹ̀bẹ ti ń jó o lágbárí, àwọn ọmọ ti fọwọ́ bo ẹnu nítorí ẹ̀rín. Mo ṣí ìwé láti ojú ìwé 32, ojú ìwé 49 ni mo bá, Ìjàpá sì ti wà nínú àlọ́ mìíràn pátápátá. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí. Odidi abala olójú ìwé 16 ni àwọn tó di ìwé náà gbàgbé. Àtẹ àkóónú iwájú ìwé fi hàn pé àlọ́ tí Ìjàpá ti já bọ́ láti ojú ọ̀run, tí igbá ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́, tí wọ́n sì tò ó pọ̀ tí ó fi yè, wà nínú ohun tó sọnù. Bí Ìjàpá ṣe ń kó sí wàhálà ni ẹ tẹ̀, bí ó ṣe ń bọ́ níbẹ̀ ni ẹ yọ sílẹ̀. Ìyà lásán ló wá kù fún ọmọdé láti kà.

Ti àmì ohùn náà tún wà ńbẹ̀. Níbi tí Ìjàpá ti fẹ́ fi gbogbo ọgbọ́n ayé pamọ́ sórí ọ̀pẹ, ẹ tẹ̀ ẹ́ báyìí: “O gbe igba korun, o fi igba gun ope.” Igbá ni àkọ́kọ́, igbà tí àwọn adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ ni èkejì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án inú wọn bi mí pé, “Bàbá àgbà, ṣé igba náírà ni Ìjàpá fi gun ọ̀pẹ ni?” Láti 1974 ni àkọtọ́ òde òní, ìlànà bí a ṣe ń kọ èdè Yorùbá sílẹ̀, ti wà nílẹ̀, n kò sì rí àwáwí kankan fún ilé-iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé ọmọdé.

Nígbà tí mo pè yín lórí fóònù, òṣìṣẹ́ yín dá mi lóhùn pé ta ni kò mọ bí àlọ́ Ìjàpá ṣe ń parí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju owó tí mo san lọ. Àwọn ọmọ tí a bí sínú fúláàtì l'Ékòó, tí kò sí ẹni tó ń pa àlọ́ fún wọn lálẹ́, kò mọ̀ ọ́n, nítorí tiwọn ni mo sì ṣe ra ìwé. Mo ti fi ẹnu parí rẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ìwé ni wọn yóò gbé padà sí Èkó, wọn kò lè gbé ẹnu mi lọ.

Mo bẹ̀ yín, ẹ fi ẹ̀dà mẹ́ta tó pé pààrọ̀ wọ̀nyí kí ilé-ìwé tó wọlé, kí ẹ yẹ àwọn tó kù lọ́wọ́ yín wò kí ẹ tó tún ta ọ̀kan, kí ẹ sì gbé iṣẹ́ àmì ohùn fún ẹni tó mọ̀ ọ́n kí ẹ tó tún un tẹ̀. Rísíìtì àti fọ́tò ojú ìwé 32 àti 49 wà nínú àpòòwé yìí.

Èmi ni,
Oníbàárà yín.