Lẹ́tà sí Àṣàkẹ́: Ọ̀rọ̀ Ẹní Yẹn

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú

Àṣàkẹ́ mi,

O kú òtútù o. Ṣé Leeds ò tíì sọ ọ́ di yìnyín? Ọkọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí mi ò fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí èèyàn gidi, tí mo jókòó tí mò ń kọ lẹ́tà bí ìyàwó ṣọ́jà. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, bí mo bá fi ẹnu sọ ọ́, ẹ̀rín ni màá fi bò ó mọ́lẹ̀. O mọ̀ mí.

Kí n yára kó ìròyìn ilé kúrò nílẹ̀ ná: ẹsẹ̀ Màámi ti fúyẹ́, wọ́n ti ń dá lọ sọ́jà, lánlọ́ọ̀dù ti fi kún owó ilé, Ìyá Ìbejì tó búra pé òun ò bímọ mọ́ tún ti lóyún, ó sì ń bínú sí gbogbo wa bí ẹni pé àwa la fún un. Ó tán.

Ó wá ku ìwé mi. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ṣì ń kọ ọ́, má rẹ́rìn-ín. Orí mẹ́fà ti wà nílẹ̀. Ìwé iwin ni, ìwé inú igbó, irú èyí tí àwa méjèèjì máa ń fi tọ́ọ̀ṣì kà lábẹ́ kúbùsù, nígbà tí ẹ̀dà Fágúnwà kan ṣoṣo tó wà ní dọ́mítírì ti já lẹ́yìn, tí ẹnì kan sì ti fi ojú ewé tó gbẹ̀yìn di ẹ̀pà. Ṣé o rántí pé odidi ọdún kan la ò fi mọ bí ìwé náà ṣe parí? Ìwọ ní iwin Àgbákò ló jẹ gbogbo wọn. Èmi ní wọ́n padà sílé.

Mo tún Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ yẹn kà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọdún 1938 ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, síbẹ̀ ojú mẹ́rìndínlógún tó yí orí Àgbákò ká ṣì ń wò mí nígbà tí mo jáde lọ tọ̀ lóru. Ohun tí mi ò kíyè sí nígbà ọmọdé ni bí ìtàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀: bàbá arúgbó kan kàn yọ sí òǹkọ̀wé, ó ní kó mú gègé àti ìwé, kó máa kọ ohun tí òun bá ń sọ. Ó mà rọrùn fún wọn o! Èmi ò rí arúgbó kankan. Lánlọ́ọ̀dù nìkan ló ń yọ sí mi.

Gẹ̀ẹ́sì ni mo kọ́kọ́ fi kọ tèmi. Ojú ewé méjì gbáko ni mo fi ṣàlàyé egbére: pé kúkúrú ni, pé ó ń gbé ẹní kékeré kiri, pé kì í yé sunkún, pé ẹni tó bá lè gba ẹní náà lọ́wọ́ rẹ̀ á di ọlọ́rọ̀. Kí n tó ṣàlàyé tán, egbére ti kú sí mi lọ́wọ́. Tútùọlá rí tirẹ̀ ṣe o. Ẹni tó ń ṣe mẹ́sẹ́ńjà ní ọ́fíìsì ìjọba l'Ékòó, ó fi Gẹ̀ẹ́sì ẹnu ara rẹ̀ kọ The Palm-Wine Drinkard bó ṣe wù ú, ìwé náà jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, àwọn ọ̀mọ̀wé ilé wa sì ń sọ pé ó dójú ti àwọn. Èmi ò ní irú àyà bẹ́ẹ̀. Mo fa gbogbo rẹ̀ ya, mo bẹ̀rẹ̀ ní Yorùbá. Mo kọ “egbére”, mo kọjá lọ. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀rù ti bà á.

Àmì ohùn ló wá fẹ́ pa mí. Ọmọ tó ń bá mi tẹ̀ ẹ́ ní bísíńẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kò ka àmì sí nǹkan kan. Mo kọ ọ́ pé ọmọbìnrin náà gun ọkọ̀ sọdá odò; nígbà tí mo gba ìwé padà, ọmọbìnrin mi ti gun ọkọ sọdá odò. Fóònù mi ni mo wá fi ń tẹ̀ ẹ́ fúnra mi báyìí, ní ìdájí, kí iná tó lọ.

Ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ yìí bá mi wo orí mẹ́ta àkọ́kọ́. Ó ní ọfọ̀ ti pọ̀ jù. Gbogbo ìgbà tí ọmọbìnrin inú ìwé náà bá ti kó sí wàhálà, á pe ọfọ̀, wàhálà á sì yàgò fún un. Ó ní, “Bí ọfọ̀ bá ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, kí la wá fẹ́ bẹ̀rù?” Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bínú. Ní ọjọ́ kẹrin mo dá òfin kan: ẹni tó bá gba ẹní egbére á lówó lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní rí oorun sùn mọ́ láé, torí oorun gbogbo ìran egbére ló wà ní kíká sínú ẹní yẹn. Ìdí tó fi ń sunkún kiri nìyẹn. Oorun ló ń wá. Orí mẹ́ta jáde láàárín oṣù kan.

Orí keje ló wá há. Níbẹ̀, ẹni tó jí ẹní náà gbọ́dọ̀ lanu sọ̀rọ̀, ọ̀rẹ́ ọmọbìnrin náà sì ni. Mo ti kọ ọ́ nígbà mọ́kànlá. Gbogbo ìgbà ló ń purọ́.

Àṣàkẹ́, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí o wọlé láti ẹnu géètì, tí ẹní tí Màmá Òkè hun fún ọ wà lábíyá, tí omijé àti ikun ń já pọ̀, ẹnì kan pariwo lójú fèrèsé pé, “Ẹ wò ó, egbére ti dé!” Títí a fi dé kíláàsì kẹta ni wọ́n ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìwọ gbà pé ọmọ orí bẹ́ẹ̀dì òkè yẹn ni. O da omi sí mátíráàsì rẹ̀, ẹ jà, wọ́n ní kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan gé koríko ẹ̀yìn ilé oúnjẹ. Èmi gbé àdá, mo bá ọ gé e, ẹnikẹ́ni ò rán mi. O dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ibẹ̀ la ti dọ̀rẹ́.

Èmi ni mo sọ ọ́.

Mi ò tíì mọ̀ ọ́ nígbà yẹn. Mo kàn fẹ́ kí àwọn tó wà lójú fèrèsé rẹ́rìn-ín ni, wọ́n sì rín in. Láti ìgbà náà ni o ti ń ṣépè fún ọmọ ọlọ́mọ, tí èmi ń ṣe àmín. Kódà nígbà ìgbéyàwó rẹ, o ní kí n má fún un ní káàdì, mi ò sì fún un. Wàyí o, èmi tí mo fẹ́ jí ẹní egbére, mi ò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀, oorun nìkan ló lọ.

Bí ọmọ rẹ obìnrin bá fẹ́ mọ irú nǹkan tí a máa ń kà, Sóyinká túmọ̀ ìwé Fágúnwà yẹn sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Wá a fún un ní láíbìrì wọn. Kó má kà á lálẹ́ ṣá.

Wò ó, mo tún ti ń sá. Géètì wà ní orí kìíní ìwé mi, fèrèsé wà níbẹ̀, ẹní náà wà níbẹ̀. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ inú ìwé ni wàá ti gbọ́. Bí o bá ní kí n yọ gbogbo rẹ̀, màá yọ ọ́. Màá sunkún o, ṣùgbọ́n màá yọ ọ́.

Mo sì fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kan. Ní tẹ́ẹ̀mù kejì, o padà wá láìsí ẹní yẹn. Mi ò bi ọ́ nígbà náà, torí mi ò ní ẹnu tí mo fẹ́ fi bi ọ́. Níbo lo gbé e sí? Ṣé o fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ Màmá Òkè ni, àbí o sun ún? Kí lo sọ fún wọn nílé? Kì í ṣe torí orí keje nìkan ni mo ṣe ń bèèrè.

Kọ ọ́ ránṣẹ́. Má pè mí.

Èmi ni,
Àjíkẹ́

Ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá, mo fi ẹ̀gúsí àti irú rán an sí ọ. Ọ̀rá mẹ́ta ni mo fi wé irú náà. Bí lẹ́tà yìí bá ń rùn, òun ni.