Ẹ̀sùn lórí sólà tí ẹ bá mi ṣe: ọjọ́ 110 ni panel fi sùn lórí òrùlé mi

Ẹlẹ́yẹlé, Ìbàdàn.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 8, oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Sí Ọ̀gá Àgbà ilé-iṣẹ́ tó bá mi ṣe sólà.

Ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni ìyá ẹlẹ́ja tí àwọn ọmọ yín gbé inverter 5kVA, báàtìrì lithium 5kWh kan àti panel mẹ́fà wá sílé rẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún yìí. ₦2,850,000 ni mo san, kò ku kọ́bọ̀. Àjọ ọdún méjì wà nínú owó yẹn, owó tí mo yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà nínú ẹ̀, mo ṣì ń san án lọ́wọ́ báyìí. Mo ti pè yín títí, mo ti kọ̀wé sí yín lórí WhatsApp títí ọwọ́ fi ń ro mí. Ohùn kan náà ni mò ń gbọ́: "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀." Ọkàn mi ti balẹ̀ wàyí, òun ni mo fi jókòó kọ èyí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ, àwọn oníná kéde pé àwọn fẹ́ ṣàtúnṣe sí ẹ̀rọ ńlá tó ń fún àdúgbò wa níná. Wọ́n ní àwọn máa pa iná láti aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì títí di ìrọ̀lẹ́ Àìkú. Mi ò bá wọn jà. Ẹni tó ti kìlọ̀ fúnni ti ṣe tiẹ̀. Ẹ̀yin ni mo pè lójú ẹsẹ̀, mo ní ṣé ẹ̀rọ tí ẹ gbé fún mi á lè gbé fírísà méjì dé ọjọ́ Àìkú? Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní kí n dúró, ó lọ bi ẹnjiníà yín, ó padà wá, ó ní: "Kò séwu, Mọ́mì. Oòrùn á máa kún báàtìrì lọ́sàn-án, báàtìrì á gbé e mọ́jú." Ọ̀rọ̀ yìí ni mo gbọ́ tí mo fi lọ kó ẹja. Páálí mẹ́jọ: Titus mẹ́rin, Kote méjì, páńlá kan, ṣàwá kan. Mẹ́rin wọ fírísà àkọ́kọ́, mẹ́rin wọ ìkejì.

Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, iná lọ. Inverter gbà á wéré, fáànù ò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Mo tún fi yín yangàn fún ìyàwó ilé kejì. Bẹ́ẹ̀ oòrùn ọjọ́ yẹn kì í ṣe kékeré: òjò ti dáwọ́ dúró bó ṣe máa ń ṣe nínú August, páànù ń ró tá, tá, tá lókè orí wa. Nígbà tó di aago méjì ọ̀sán, mo wo ojú inverter. Báàtìrì ti bọ́ sí 61 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo ní kí ló dé? Èyí tó yẹ kó máa kún ló ń fà wálẹ̀. Mo lọ gbé awò ojú mi wá, mo wo ibi kékeré lápá òsì tí wọ́n ya panel sí. Òdo. Nínú oòrùn tó lè yan àgbàdo, òdo ni panel mẹ́fà ń mú wá.

Mo pè yín, ẹ ò gbé e. Mo kọ̀wé sí WhatsApp, ẹnì kan fèsì lẹ́yìn wákàtí kan pé kí n pa á, kí n tún un tàn. Mo pa á, mo tàn án, ẹ̀ẹ̀mẹta. Kò tíì lu aago mẹ́jọ alẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké píì, píì, báàtìrì kan 20, ó sì kú. Ẹ̀rọ tí mo rà nítorí ọjọ́ tí iná bá lọ, ọjọ́ tí iná lọ gan-an ló kú lé mi lọ́wọ́.

Ẹ ní kí n lo jẹnẹrétọ̀? Mi ò ní in mọ́. Ọmọ yín tó kọ́kọ́ wá wọn òrùlé ló rí i lẹ́yìnkùlé, tó rẹ́rìn-ín, tó ní, "Mọ́mì, kí lẹ tún fẹ́ fi èyí ṣe?" Mo tà á, mo fi owó ẹ̀ kún owó yín. Ní alẹ́ Ẹtì yẹn mo lọ tọrọ kékeré, irú èyí tí à ń pè ní "I pass my neighbour", lọ́wọ́ vulcanizer ìsàlẹ̀ àdúgbò. Ó gbé fírísà kan. Bí mo ṣe ní kí n ki ìkejì mọ́ ọn, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Mo wá ń yan èyí tí màá gbà là nínú fírísà méjì bí ẹni ń yan ọmọ.

Alẹ́ Àbámẹ́ta, ẹja inú fírísà kejì ti ń rọ̀. Èmi àti àbúrò mi dáná sínú ìlàjì dúrọ́ọ̀mù, a tẹ́ wáyà sórí ẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í yan Titus ní aago mọ́kànlá òru. Èéfín gba gbogbo ilé. Ilẹ̀ mọ́ bá wa níbẹ̀, ojú wa pọ́n bíi ti ẹni tó sunkún. Páálí méjì la yàn. Ẹja tí èèyàn fẹ́ tà ní tútù tó wá di yíyan ní ọ̀ranyàn, ẹ bi ẹlẹ́ja bó ṣe ń rí lọ́jà. Ti méjì tó kù, mo ṣí fírísà lọ́sàn-án Àìkú, omi pupa ti dúró nísàlẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ikùn Kote kan, ibẹ̀ wọnú, kò padà sókè mọ́. Mo pa ìdérí dé. Àwọn oníná náà ò tíì ṣe tán ní Àìkú tí wọ́n dá, ó di ọ̀sán Ajé kí iná tó dé.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú yẹn ni mo bẹ Bàbá Ìbejì tó ń ṣiṣẹ́ wáyà ládùúgbò wa pé kó bá mi gorí òrùlé. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fojú wò ó lásán, kó má fọwọ́ kàn án, nítorí inú káàdì wáránti yín lẹ ti kọ ọ́ pé bí ẹlòmíràn bá fọwọ́ kan iṣẹ́ yín, ó tán. Ó ya fọ́tò, mo fi mẹ́rin nínú ẹ̀ mọ́ lẹ́tà yìí. Ẹ wo ìkejì dáadáa. Ẹnu wáyà dúdú tí ẹ̀yin oníṣẹ́ ń pè ní MC4, èyí tó so panel kẹta mọ́ ìkẹrin: ike ẹ̀ ti yọ́ bí àbẹ́là, irin inú ẹ̀ ti dúdú, páànù abẹ́ ẹ̀ ti jó ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́. Bàbá Ìbejì ní ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ló ṣe akọ, ọ̀tọ̀ ló ṣe abo, wọn ò bára wọn mu, wọn ò sì wọnú ara wọn tán látìbẹ̀rẹ̀. Ó ní iná tó ń ti panel bọ̀ kò dà bíi ti NEPA. Ti NEPA máa ń lọ ó máa ń bọ̀, ó ń kan òdo nígbà ọgọ́rùn-ún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó lè kú fúnra ẹ̀ níbi àlàfo. Ti panel kì í sinmi. Bó bá rí àlàfo, ó ń fò ó ni, á sì máa jó lọ. Panel mẹ́fà tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn yẹn, nǹkan bí 250 volt ló ń gba inú wáyà yẹn kọjá. Igi àjà wa wà ní ìsàlẹ̀ ẹ̀ gan-an, ọmọ-ọmọ mi méjì sì ń sùn nísàlẹ̀ àjà. Mi ò tíì rí oorun sùn dáadáa látìgbà tó ti ṣàlàyé ìyẹn fún mi.

Ó tún jẹ́ kí n mọ ìdí tí gbogbo ẹ̀ fi dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn kan ni wọ́n so panel mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Okùn já níbì kan, ìlẹ̀kẹ̀ tú dànù.

Ibi tí mò ń lọ gan-an nìyí, Ọ̀gá mi. Ìyẹn ò ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ọmọ yín wá (ọjọ́ karùn-ún tí mo ti ń pè), ó fi nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pààrọ̀ ẹnu wáyà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní oòrùn ló yọ́ ọ. Mo ní oòrùn wo? Ṣé kì í ṣe torí oòrùn ni wọ́n ṣe é? Mo wá rántí pé nígbà tí ẹ ń ṣiṣẹ́, ẹ so nǹkan kékeré kan mọ́ ìdí inverter, ẹ ní àwọn á fi máa ṣọ́ ọ láti ọ́fíìsì, kí n má yọra mi lẹ́nu, iná àwọ̀ ewé ni kí n máa wò. Mo ní kó fi hàn mí lórí fóònù tiẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, nígbà tó ṣe ó yí ojú fóònù sí mi. Ọ̀gá, mo rí i. Oṣù Kẹta, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ga sókè ó wálẹ̀ bí òkè Màpó. Oṣù Kẹrin, òkè, òkè, òkè. Ó dé ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún, ó di pẹrẹsẹ. Pẹrẹsẹ ló lọ títí di ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú ìgbà tí mò ń wò ó.

Ọjọ́ 110 nìyẹn kó tó di pé wọ́n pa iná. Gbogbo ìgbà yẹn, iná NEPA ló ń kún báàtìrì. (NEPA ni mo ṣì ń pè é, 2005 ni orúkọ náà ti kú, ẹnu wa ò tíì gbọ́.) Iná àwọ̀ ewé ń tàn lóòótọ́. Bí wọ́n bá mú iná lọ fún wákàtí méjì, báàtìrì ń gbé e, mo ń dúpẹ́. Owó iná ló yẹ kó ta mí lólobó, ó sì ta mí. Láti April 2024 tí unit kan ti di ₦225 fún àwa tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ní iná wọn á pọ̀ jù, ni mo ti ń kọ iye tí mo bá rà sínú ìwé ọjà mi. Ní oṣù Kẹrin ọdún yìí, iná ₦10,000 gbé mi fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ní oṣù Kẹfà, ọjọ́ mẹ́rin. Mo pè yín lọ́jọ́ 19 oṣù Kẹfà, mo pè yín lẹ́ẹ̀kan sí i ní oṣù Keje, ẹ ní òjò ló fà á, oòrùn ò tó. Ẹni tó ní kí n fọkàn balẹ̀ nígbà yẹn, bó bá ṣí fóònù wò fún ìṣẹ́jú kan péré, á rí òdo. Wọ́n ní a lè jí ẹni tó ń sùn, a kì í jí apirọrọ. Mi ò tíì mọ èwo lẹ̀ ń ṣe nínú méjèèjì.

Ẹ wá gbé ìwé owó ₦45,000 lé mi lọ́wọ́ fún ọkọ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́, lórí ohun tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà tí ẹ ṣe, tí ẹ kọ wáránti ọdún méjì lé. Mo san án torí ọmọ náà ní òun ò ní tan iná panel tí mi ò bá san. Ìyẹn, ẹ dá a padà fún mi.

Owó tó kù: ẹja tó bàjẹ́ àti iye tí mo pàdánù lórí èyí tí a yàn, ₦268,000, ìwé ibi tí mo ti rà á wà nínú àpò ìwé yìí. Bẹntiróòlù fún jẹnẹrétọ̀ tí mo tọrọ, ₦31,500. Owó iná tí panel ì bá bá mi gbé, ₦1,500 lójúmọ́ fún ọjọ́ 110, ₦165,000. Àmọ́ mo mọ̀ pé oòrùn oṣù Keje kò tó ti oṣù Kẹrin, mi ò fẹ́ rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ yọ ìdá kan nínú márùn-ún, ẹ san ₦132,000. Pẹ̀lú ₦45,000 yín, gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦476,500.

Owó nìkan kọ́ o. Ẹ rán ẹni tó mọ iṣẹ́ wá, kó yẹ gbogbo ẹnu wáyà tó kù lórí òrùlé wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sì fi èyí tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan náà, akọ àtabo, rọ́pò gbogbo wọn. Ẹ fi ohun tí ẹ fi ń wo sólà mi sórí fóònù tèmi pẹ̀lú, kí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Òrùlé mi ni, iná mi ni, kò bójú mu kó jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ nígbà tó bá kú. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka yín máa wo ti àwọn oníbàárà yòókù náà. Bàbá kan wà lọ́nà Mọ́kọ́lá tí èmi fúnra mi júwe yín fún, ojú ń tì mí láti pè é.

Mo fún yín ní ọjọ́ 14 láti òní. Bí mi ò bá gbọ́ nǹkan kan, màá gbé ìwé yìí, fọ́tò mẹ́rin, ìwé ọjà mi àti ọ̀rọ̀ WhatsApp wa lọ bá FCCPC, àjọ ìjọba tí òfin FCCPA 2018 gbé kalẹ̀ láti máa gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà. Ẹ̀dà kan ti wà lọ́wọ́ ọmọ mi tó jẹ́ lọ́yà.

Ẹ pè mí kí ẹ tó wá. Ẹ má wá lọ́jọ́bọ̀ o, ọjọ́ tí mo máa ń lọ gbé ẹja ni.

Èmi ni,
Oníbàárà yín ní Ẹlẹ́yẹlé.