Sí Màmá Oǹdó, tó bi mí pé kí ni wọ́n kọ́ mi

Màmá Oǹdó,

Ẹ kú ọjà o, ẹ kú ìdúró. Mo mọ̀ pé àbúrò mi ni yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Kó má fo ibì kankan o, pàápàá níparí, níbi tí ọ̀rọ̀ ti kan òun fúnra rẹ̀.

Nígbà tí a ń ṣe ìdúpẹ́ ìwé-ẹ̀rí mi ní Àkúrẹ́, ẹ bi mí lójú gbogbo ẹbí pé: "Gbogbo ọdún tí o fi ń tẹ fóònù lóru yẹn, kí ni wọ́n kọ́ ẹ nípa òwò tí èmi elépo pupa ò mọ̀?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, mo sì gbé abọ́ ìrẹsì lọ fún àwọn tó jókòó lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ò kúrò lọ́kàn mi. Kò sí olùkọ́ tó bi mí ní èyí tó le tó o.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dá ẹ̀gbọ́n wa lóhùn, torí mo gbọ́ pé wọ́n ṣì ń sọ ọ́ káàkiri pé yunifásítì orí fóònù ni mo lọ. NOUN (National Open University of Nigeria) ni mo lọ, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ni. Ìjọba Shagari ló dá a sílẹ̀ ní 1983, àwọn ológun tì í pa ní 1984, ó sì di 2002 kí ìjọba Ọbásanjọ́ tó tún un ṣí. Ohun tó jẹ́ káwọn èèyàn máa fojú tín-ín-rín rẹ̀ ni pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn kì í mú àwọn tó bá jáde níbẹ̀ lọ sin ilẹ̀ bàbá wọn. Oṣù Kejìlá 2018 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu àtúnṣe òfin tó yí ìyẹn padà. Èmi ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí n tó parí, ìwé àyọ̀ǹda ni wọ́n ń fún irú wa, a kì í wọ kákí. Kí ẹ̀gbọ́n sì mọ̀ pé UNILAG tí wọ́n ń fi yangàn yẹn náà ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ níbi tí wọ́n wà, láti 1974.

Bó ṣe ń lọ rèé. Iye kọ́ọ̀sì tí èèyàn bá lè gbé ló máa forúkọ sílẹ̀ fún, iye yẹn náà ló máa sanwó fún, owó ìdánwò kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan sì wà lọ́tọ̀. Ìwé ẹ̀kọ́ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, àfi dátà tí a fi ń fà á wá sórí fóònù. Asáínmẹ́ǹtì tí a ń ṣe láti ilé gba máàkì 30 nínú 100, ìdánwò gba 70. Ìdánwò yẹn kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì o. Ojú koojú ni, ní ibùdó wọn ní Àkúrẹ́ níbí, òmíràn lórí kọ̀ǹpútà, òmíràn pẹ̀lú bírò àti ìwé, èèyàn sì wà tó ń ṣọ́ wa. N ò ní fi ọ̀rọ̀ iná àti oorun dà yín láàmú. Ẹ ń gbé Oǹdó, ẹ mọ̀ ọ́n. Ohun kan ṣoṣo tí mo máa sọ ni pé ọ̀gbẹlẹ̀ ni àwọn èèyàn ń kọ́lé, ọ̀gbẹlẹ̀ ni sìmẹ́ńtì ń wọlé tó ń jáde ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yẹ́mẹ́kùn, Àkúrẹ́. Ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, kọ́ọ̀sì díẹ̀ ni mo ń forúkọ sílẹ̀ fún. Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, màá gbé púpọ̀. Ìdí tó fi pẹ́ nìyẹn, kì í ṣe pé mo ń fèèlì o.

Ó yá, ìdáhùn. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ́ mi lẹ ti mọ̀. Ọkùnrin ará Faransé kan wà tó ń jẹ́ Fayol, ó kọ ìlànà mẹ́rìnlá sílẹ̀ ní 1916 lórí bí a ṣe ń ṣàkóso iṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni pé òṣìṣẹ́ kan kò gbọdọ̀ máa gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá méjì. Nígbà tí mo kà á, ọmọbìnrin tó ń bá yín tajà láyé ọjọ́un ni mo rántí, tí ìyá ọkọ yín á ní kó kó igbá wọlé, tí ẹ̀yin á ní kó gbé e síta, títí ẹ fi sọ fún ìyá pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa rán an. Fayol ò bá yín débẹ̀.

Ẹ tún wo ti kíkó ọjà pamọ́. Bí ẹyìn bá pọ̀ láti oṣù Kejì sí ìkarùn-ún, tí epo sì dẹ̀, ẹ ó kó kẹ́ẹ̀gì sí yàrá. Ìgbà tí ọdún bá ń lọ sópin, tó ti wọ́n, ẹ ó wá ṣílẹ̀kùn. Ojú ìwé rẹpẹtẹ ni wọ́n fi ṣàlàyé ìyẹn fún wa. Ní ìparí 2024, àjọ oníṣirò ìjọba ní ọ̀wọ́n gógó ọjà ti kọjá 34 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún kan. Ẹni tó fi owó sí báńkì lásìkò náà ń wò ó bó ṣe ń yọ́ ni. Ẹ̀yin fi tiyín sínú kẹ́ẹ̀gì. Kò sí ohun tí mo fẹ́ kọ́ yín níbẹ̀.

Ibi tí mo ti rí nǹkan tí ẹ ò mọ̀ ni ibi ìṣirò iye tí ọjà ń náni gan-an. Ẹ má bínú, màá ka owó díẹ̀. Kì í ṣe owó yín ni mo ń kà o, àpẹẹrẹ ni.

Ká ní ẹ ra ogún kẹ́ẹ̀gì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ₦30,000. ₦600,000 nìyẹn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ tà á ní ₦42,000, ó di ₦840,000. Bí ẹ ṣe máa ń kà á ni pé èrè ₦240,000 ti wọlé. Ẹ jẹ́ ká yọ owó ọkọ̀ àti ti alágbàrù, ₦1,500 lórí kẹ́ẹ̀gì kan: ₦30,000 lọ. Owó yàrá oṣù mẹ́fà, ₦60,000 lọ. Ìdajì owó tí ẹ fi rà á, ẹ yá a lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ₦300,000. Èlé náírà méjì lórí ọgọ́rùn-ún lóṣù, ₦36,000 lọ. Ó ku ₦114,000. Ẹ pín in sí oṣù mẹ́fà: ₦19,000 lóṣù.

Ta ló gba ₦19,000 yẹn, Màmá? Ẹ̀yin tí ẹ lọ sí oko lọ tọ́ epo wò, tí ẹ jókòó ní ọjà láti òwúrọ̀ dalẹ́. Láti oṣù Keje 2024, ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin là kalẹ̀. Mo ti gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: epo nìkan kọ́ lẹ ń tà, iyọ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀gúsí wà níbẹ̀. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká pín iṣẹ́ yín sí mẹ́ta, kí epo ru ìdá kan péré. Ìdá kan nínú mẹ́ta ₦70,000 nìyẹn, ó lé díẹ̀ ní ₦23,300 lóṣù: owó iṣẹ́ yín tó yẹ kí epo san. Epo ṣì jẹ yín ní ₦4,000 ó lé lóṣooṣù. Ẹ̀yin lẹ ń bá àwọn ará Oǹdó san nínú owó epo tí wọ́n fi ń sebẹ̀, wọn ò sì mọ̀, ẹ̀yin náà ò mọ̀.

Mo ṣe ìṣirò yẹn fún màmá mi náà, lórí búrẹ́dì tó ń tà. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ní, "Ta ni kí n wá san owó oṣù fún? Èmi náà kọ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin náà ni. Torí bí ara bá rẹ̀ yín lọ́la, tí ẹ ní láti gba ẹnì kan sí ṣọ́ọ̀bù, ẹni yẹn kò ní jókòó lọ́fẹ̀ẹ́. Òwò tí kò lè sanwó fún ẹni tó ń ṣe é, ìgbà tí ara bá le nìkan ló lè dúró.

Àmọ́ ẹ wò ó o, kì í ṣe èlé ló ń jẹ yín jù, bí ẹ tilẹ̀ ń kùn sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lójoojúmọ́. Yàrá ni. Ogún kẹ́ẹ̀gì ò kún yàrá náà dé ìdajì, ẹ sì ń san owó gbogbo rẹ̀. Ẹ lè yá owó sí i, kí ẹ kó ogójì kẹ́ẹ̀gì. Bí mo ṣe kà á, èrè á dé ₦42,000 lóṣù, ṣùgbọ́n gbèsè ₦900,000 ni ẹ ó máa gbé sùn, bí epo bá sì wálẹ̀ lọ́dún yẹn, wàhálà dé. Èmi ò fẹ́ ìyẹn fún yín. Ẹ wá elépo míì tẹ́ ẹ fọkàn tán, kó kó ogún kẹ́ẹ̀gì tiẹ̀ síbẹ̀, kí ẹ jọ pín owó yàrá dọ́gba. ₦30,000 padà sọ́wọ́ yín nìyẹn, ó di ₦24,000 lóṣù. Ó ti san owó iṣẹ́ yín, ó tilẹ̀ ṣẹ́ díẹ̀ kù. Kí ẹ kọ orúkọ sára kẹ́ẹ̀gì ṣá.

Ẹ ní ẹ fẹ́ràn ìtàn, ọ̀kan rèé láti inú òfin okòwò. Ilé iṣẹ́ kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù láyé àtijọ́, wọ́n ń ta bọ́ọ̀lù kan tí èèyàn ń fà èéfín rẹ̀ símú. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ẹni tó bá lò ó bí wọ́n ṣe ní kó lò ó, tí àìsàn flu tún mú, àwọn á fún un ní £100, àti pé £1,000 ti wà ní báńkì láti fi hàn pé àwọn ò ṣeré. Ìyáàfin Carlill rà á, ó lò ó, flu mú un. Wọ́n ní ìpolówó lásán làwọn ń ṣe. Ní 1892, ilé ẹjọ́ ní irọ́ ni: ẹ ti ṣèlérí, ó ti ṣe ohun tí ẹ ní kó ṣe, ẹ sanwó fún un. Ìgbà tí mo kà á, àwọn tó wá sí ọjà yín pẹ̀lú gbohùngbohùn ni mo rántí, tí wọ́n ní ẹni tó bá ra páálí mẹ́wàá á gba fáànù. Ẹ ra páálí mẹ́wàá, ẹ ò rí fáànù, ẹ ní ẹ fi wọ́n lé Ọlọ́run lọ́wọ́. N ò ní kí ẹ gba lọ́yà. Owó lọ́yà ju fáànù lọ. Ṣùgbọ́n bí irú wọn bá tún dé, ẹ gba ìwé tí wọ́n kọ ìlérí náà sí, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì.

Ti fìríìsà omi tútù yín ò gùn. Ọdọọdún ló ń gbó, ìdá kan nínú iye tí ẹ rà á ti di ìnáwó ọdún náà. Inú ìwé lásán làwọn oníṣirò ti ń yọ ọ́ o. Tí ẹ ò bá fi owó gidi pamọ́, ọjọ́ tó bá kọṣẹ́, inú owó epo lẹ ó tún bu.

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tí ìwé ò mọ̀. Iṣẹ́ ìwádìí tí mo fi kádìí ẹ̀kọ́ mi dá lórí títa ọjà láwìn ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ohun èlò ìkọ́lé ní Àkúrẹ́. Àwọn ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù kì í fẹ́ kọ iye tí àwọn oníbàárà jẹ wọ́n sórí ìwé. Bí mo bá jókòó tì wọ́n, tí a jọ mu omi, ìgbà yẹn ni wọ́n ń tú u sílẹ̀. Mo wá rántí òfin yín: ẹni tó ń múra òkú ṣíṣe, ẹ kì í tà á láwìn, àfi lẹ́yìn òkú. Ní Oǹdó tí a mọ̀ yìí! Aṣọ ẹbí, màlúù, onílù, ìgbà wo ni owó epo yóò kàn? Mo wá a nínú gbogbo ìwé tí mo kà lórí gbèsè, n ò rí i. Mo bi àwọn ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù náà nípa rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló ní bẹ́ẹ̀ ló rí, pé oníbàárà tó ń kọ́lé tí òkú wá dé sílé rẹ̀, sìmẹ́ńtì ló ń kọ́kọ́ di àwátì. Mo kọ ọ́ sínú iṣẹ́ náà, mo ní ẹ̀gbọ́n màmá mi kan tó ń ta epo ló sọ ọ́. Alábòójútó mi fàlà sí ìdí rẹ̀, ó kọ "ó dára" sí ẹ̀gbẹ́.

Ìwé-ẹ̀rí náà kò tíì sọ mí di olówó. Ọ̀gá mi fi díẹ̀ kún owó oṣù mi, wọ́n sì kó ìwé owó ṣọ́ọ̀bù lé mi lọ́wọ́. Èyí kejì ló dùn mọ́ mi jù.

Ó wá kan àbúrò mi tó ń kà á. Ẹ ní kí n sọ bóyá kí òun náà wọlé, pẹ̀lú iṣẹ́ kẹ́míìsì tó ń ṣe. Kó má wọlé lọ́dún yìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ò ní olùkọ́ tí yóò fi bẹ́líìtì lé e wọ kíláàsì, mo sì mọ̀ ọ́n, kò tíì lè jókòó ti ohun kan lálẹ́ láìjẹ́ pé fóònù gbé e lọ síbòmíràn. Kó ra ìwé àkọsílẹ̀ kan ní ọjà, kó máa kọ gbogbo owó tó wọlé fún yín àti èyí tó jáde, epo lọ́tọ̀, iyọ̀ lọ́tọ̀, ẹ̀gúsí lọ́tọ̀, títí kan owó omi tútù. Oṣù mẹ́ta. Bí kò bá fo alẹ́ kan, kó gbé ìwé náà wá bá mi ní Àkúrẹ́. Kó mú èsì WAEC rẹ̀ dání, a ó jọ kún fọ́ọ̀mù náà lọ́jọ́ yẹn, èmi ni n ó sì san owó kọ́ọ̀sì ìdajì ọdún àkọ́kọ́.

Èmi ọmọ yín, ní Àkúrẹ́.