Kì í ṣe gbogbo kó-kó-kó ni ṣọ́ọ̀kì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Micra ni mo ń wà láti Apẹ̀tẹ̀ sí Ṣàngó.

Láti bí oṣù méjì sẹ́yìn ni ọkọ̀ mi ti ń dún kó-kó-kó níwájú bó bá ti bọ́ sí kòtò. Ìyá alátà kan tó jókòó lẹ́yìn ní, "Dẹ́rẹ́bà, ṣé ẹṣin lo gbé wa gùn ni?" Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú tì mí. Mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án tó fi ní kí n pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn ohun tó ń pa jìgìjìgì ọkọ̀ lójú kòtò, ₦120,000. Mo ní kò sówó. Ó ní òun á gé táyà àlòkù há sínú sípíríǹgì fún mi. Mo gbé ọkọ̀ mi, ó di ilé.

Bàbá mẹkáníìkì kan ló yanjú ẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ igun ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ lójijì. Ọ̀tún gbéra lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Òsì ń jó lọ ní tiẹ̀. Òróró ti ṣàn sára ṣọ́ọ̀kì ibẹ̀, eruku sì gan mọ́ ọn. Ẹ̀yìn méjèèjì le koko. Kó-kó-kó yẹn gan-an, línkéèjì ni, irin kékeré kan lábẹ́ ọkọ̀ nítòsí táyà! Bàbá fọwọ́ mì ín, ó dún.

Ó ní kí n ra iwájú méjèèjì pọ̀, torí bí ọ̀kan bá le tí èkejì rọ̀, ọkọ̀ ò ní dúró dáadáa lójú búréèkì. Tòkunbọ̀ ni mo rà ní Ararọ̀mí, ọjà páàtì ọkọ̀ tó wà ní Agodi Géètì. Ẹ má wo dídán ara ẹ̀, ọ̀dà lè ṣe ìyẹn. Ẹ gbé e nàró, kí ẹ tẹ ọ̀pá rẹ̀ wọlé tán, kí ẹ fi sílẹ̀. Ti onígáàsì gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ jáde wá, jẹ́jẹ́, láì há. Ọ̀kan tí mo tẹ̀ wọlé kò jáde mọ́. Èmi àti ẹni tó ń tà á jọ rẹ́rìn-ín, ó mú òmíràn wá. Bí ọ̀pá náà bá ní ipata tàbí ojú ọgbẹ́, ẹ fi sílẹ̀, yóò gé róbà ẹnu rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọṣẹ́ tú sípíríǹgì láìfi irin dè é. Bó bá fò, ó lè fọ́ni lágbọ̀n.

Gbogbo rẹ̀, tòun ti línkéèjì àti owó iṣẹ́, jẹ́ ₦58,000. Mo fẹ́ fo aláímẹ́ǹtì, ìyẹn títo táyà kó dúró gún, kí nǹkan lè ṣẹ́kù. Bàbá ní bí mo bá fò ó, owó táyà ni màá fi san án. Mo san.

Èmi ni,
Awakọ̀ Micra kan,
Apẹ̀tẹ̀, Ìbàdàn.