Ẹja méjì lórí páálí àdídùn

Ṣadé mi,

Báwo ni ilé? Ṣé ẹsẹ̀ Bàbá Tóbi ti san? Mo rí fọ́tò ìkómọ tí o fi ránṣẹ́. Ọmọ yẹn jọ Ìyá Àgbà jù, àfi bíi pé ó ti fẹ́ máa bá wa wí.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ gùn ju ti WhatsApp lọ. Èmi àti ọ̀gá mi ti jà. Rárá o, mi ò gbá a létí, o mọ̀ pé mo ti fi ìyẹn sílẹ̀ láti Àkúrẹ́.

Dìwálì, ọdún iná àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, ló dá a sílẹ̀. Tó bá ti ku díẹ̀ kí ọdún náà dé, àwọn iléeṣẹ́ Delhi á máa di àdídùn sínú páálí fún òṣìṣẹ́ àti oníbàárà wọn, àwa la sì máa ń ya ara páálí. Báńkì kan wá ní iṣẹ́ ọnà Madhubani lòun fẹ́, èyí tí àwọn obìnrin Mithila ní Bihar máa ń yà sára ògiri ilé. Ọ̀gá mi lọ wá àwòrán kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì: òdòdó lotus ràbàtà, ọparun tó la àárín rẹ̀ kọjá, ẹja, ìjàpá àti ayékòótọ́ yí wọn ká. Ó ní kí n dà á kọ sórí ọmọrí páálí. Ọmọbìnrin ará Darbhanga tó ń jókòó tì mí bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kohbar nìyẹn, yàrá tọkọtaya tuntun ni wọ́n ń yà á sí, kí wọ́n lè tètè rí ọmọ bí. Ọparun yẹn kì í ṣe ọparun lásán, Ṣadé, ìwọ náà kì í ṣe ọmọdé. Ta ló ń fi ìyẹn di àdídùn fún òṣìṣẹ́ báńkì?

Ọ̀gá ní ta ló máa mọ̀.

Ni mo bá wọ rélùwéè lọ sí Madhubani. Ara ògiri ibùdókọ̀ wọn pàápàá, àwòrán ni. Àǹtí ọmọbìnrin yẹn mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá kan ní Jitwarpur, òun ló sì ń túmọ̀ fún wa. Ìyá náà ní tó bá jẹ́ ti Dìwálì, àwọn a máa fi ìrẹsì lílọ̀ tí wọ́n pò mọ́ omi yàwòrán sílẹ̀, wọ́n á ya ipasẹ̀ Lakshmi, òrìṣà ọrọ̀, kó dojú kọ inú ilé. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ ju ẹsẹ̀ òrìṣà sórí ààtàn tí àdídùn bá tán? Ó ní ẹja kò ní wàhálà, oríire ni ẹja.

Ó ya méjì níwájú mi, kò fi pẹ́ńsùlù wọ̀n ọ́n rárá. Gbogbo etí ẹja ló fa ìlà méjì sí, ó wá ń fi ìlà wínníwínní dábùú àárín wọn. Ibi tó bá ṣófo, ó ti ń fi ewé dí i. Mo ń wò ó, àyà mi ń já, torí wúrà la máa fi tẹ ọmọrí yẹn, tí irin gbígbóná bá sì tẹ irú ìlà bẹ́ẹ̀, gbogbo rẹ̀ á lẹ̀ pọ̀ ni. Mo bá sọ ẹja di ńlá lórí fóònù mi, mo fẹ ìlà rẹ̀, mo fi pupa páálí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ìyá wò ó, ó ní ẹja mi wà níhòòhò. Ló bá gba kálàmù, ó fi ìpẹ́ kún ikùn rẹ̀ nìkan, kò fọwọ́ kan ìta. Ó parí!

Àfi owó. Ọ̀gá fẹ́ san owó bébà kan ṣoṣo, kó tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún páálí, kó kọ "Madhubani" sí i láìsí orúkọ ìyá níbẹ̀. Sita Devi, ará Jitwarpur kan náà, gba Padma Shri, oyè tí ìjọba India ń fúnni, ní 1981, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pè é, wọn ò pè é ní Madhubani. Ọ̀dá ọdún 1966 ló jẹ́ kí ìjọba fún àwọn obìnrin yẹn ní bébà kí wọ́n lè rí nǹkan tà. Ebi ló gbé iṣẹ́ yìí kúrò lára ògiri. Mo ní kí ọ̀gá sanwó fún ìyá nígbàkígbà tí a bá tún un tẹ̀, kó sì kọ orúkọ rẹ̀ sí ìdí páálí. Ó ní kò burú, òun á yọ ọ́ nínú owó oṣù mi. Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Káyọ̀dé ti gbé ọmọ Punjab níyàwó, ó náwó gan-an. Físà mi ti jáde. Òjò ti dá.

Owó oṣù ò tíì wọlé, Ṣadé, oògùn ìfúnpá Màámi sì máa tán lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Jọ̀ọ́, bá mi mú ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n náírà lọ fún wọn ní Òkè-Àdó, kí o sọ pé èmi ni mo fi ránṣẹ́. Má jókòó pẹ́, wọ́n máa ń rí i lójú èèyàn. Tí wọ́n bá bi ẹ́ nípa iṣẹ́, ní mo ń ya ẹja. Fi nọ́ńbà àkáǹtì rẹ ránṣẹ́ pẹ̀lú èsì, kí n lè san án kí ọdún tó wọlé, bóyá ọ̀gá yìí lé mi tàbí kò lé mi.

Èmi ni,
Bọ́lá