Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ń lọ gbọ́ orin ní Slane, ní Ireland

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Màmá ti sọ fún mi pé o ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ó dáa. Ṣùgbọ́n tètè kúrò ní Dublin, má sì kọjú sí pápá eré tààrà.

Kọ́kọ́ dúró ní oríta abúlé Slane. Ilé alájà mẹ́ta kan náà ni wàá rí ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n kọjú síra wọn. Wọ́n á ní àwọn obìnrin mẹ́rin kan, ọmọ ìyá tí kò rẹ́, ló kọ́ wọn kí wọ́n lè máa ṣọ́ ara wọn. Àlọ́ ni. Àwọn Conyngham tó ni ilẹ̀ ló to abúlé náà bó ṣe wù wọ́n.

Ilẹ̀ ọ̀hún kì í kúkú ṣe tiwọn látilẹ̀. Àwọn Fleming ló ni ín fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Nígbà tí ọba James àti William ń du adé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n pàdé létí odò Boyne ní 1690, ẹ̀yìn James ni Fleming wà. James sá, Fleming sì pàdánù ilẹ̀. Ní 1703 ó di ti Conyngham. Ní 1785 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Slane Castle, ilé olódi wọn, bó o ṣe máa rí i yìí.

Ọba George Kẹrin ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá kí wọn níbẹ̀ ní 1821. Kí ta ni? Ìyàwó Conyngham ni àlè ọba, ayé sì mọ̀. Wọ́n ní torí kí ọba lè tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ṣe la ọ̀nà Dublin gbọọrọ láìní kọ́nà. Mi ò ní búra sí ìyẹn.

Eré orin tó ò ń lọ wò nínú ọgbà Slane Castle yìí bẹ̀rẹ̀ ní 1981, ẹgbẹ́ olórin Thin Lizzy ló gbawájú lọ́dún náà. Iná jó ilé náà ní 1991, ó tó 2001 kí wọ́n tó tún un ṣí.

Wàyí o, gba ọ̀nà Drogheda. Ilé kékeré kan wà níbẹ̀, ilé lébìrà. Francis Ledwidge, akéwì, dàgbà síbẹ̀. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì kéré, ìyá rẹ̀ ń ro oko olóko kí wọ́n lè jẹun. Ó fi ilé ìwé sílẹ̀, ó ṣiṣẹ́ oko, ó ṣiṣẹ́ ojú títì. Ó wọṣẹ́ ológun. Ní July 31, 1917, ní Bẹ́ljíọ̀mù, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń tún ọ̀nà ṣe lọ́wọ́ ni bọ́ǹbù bá pa á. Ọmọ ọdún 29.

Ilé náà ti di mùsíọ́mù. Fọ́tò rẹ̀ ni kó o yà wá fún mi. Fọ́tò Slane Castle kún orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ