Bíà tí kò hó mọ́ lè má tíì tó í rọ sígò

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi èyí sójú ewé yín fún àwọn tó ń pọn bíà nílé ní Àkúrẹ́, ní Oǹdó àti ní agbègbè wa. Ohun tí ọ̀pọ̀ dì mú ni pé bí bọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti dákẹ́, tí rọ́bà orí rẹ̀ kò tu afẹ́fẹ́ sínú omi mọ́, ọtí ti tó í rọ sígò nìyẹn. Àwọn mìíràn ń ka ọjọ́: ó pé méje, ó bùṣe. Ọ̀nà méjèèjì ló ń mú kí ìgò bẹ́, àfọ́kù ìgò kò sì mọ ojú ọmọdé yàtọ̀ sí ti àgbà.

Ìwúkàrà ló ń jẹ ṣúgà inú omi mọ́ọ̀tì (ọkà tí a jẹ́ kó hù, tí a wá mú gbẹ), tó ń sọ ọ́ di ọtí àti gáàsì. Bí ṣúgà bá ṣẹ́kù nígbà tí a dé ìgò pa, yóò máa jẹ ẹ́ lọ níbẹ̀, gáàsì kò sì ní rí ibi gbà jáde. Ẹlẹ́mu mọ èyí dáadáa, ìdí nìyẹn tí kì í fi í dé kẹ́ẹ̀gì pinpin bó ṣe ń gbé e bọ̀ láti oko. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ náà, bó ṣe ń hó lọ́wọ́ là ń mu ún. Bíà tí a fẹ́ tọ́jú sígò kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀.

Dídákẹ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ẹ̀rí. Bí ìdérí kò bá mọ́ra, gáàsì yóò gba ẹ̀gbẹ́ jáde, rọ́bà yóò dákẹ́ nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ. Bí oòrùn ọ̀sán bá sì mú yàrá gbóná, gáàsì tó ti wà nínú ọtí yóò máa tú jáde, rọ́bà yóò máa sọ̀rọ̀ nígbà tí iṣẹ́ ti parí. Nínú ooru tiwa, ní nǹkan bí 30°C, híhó a máa le gan-an ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà a rọlẹ̀ lójijì. Rírọlẹ̀ yẹn ló ń tan ènìyàn jẹ.

Háídírómítà ni kí ẹ gbára lé, ọ̀pá gíláàsì tó ń léfòó: bí ṣúgà bá pọ̀, á yọ sókè, bí ṣúgà bá ń dín, á máa rì. Èyí tó ka 1.000, ìwọ̀n omi lásán, sí 1.100 ni kí ẹ rà. Ti àwọn tó ń ṣáàjì bátìrì kò wúlò fún bíà, torí láti bí 1.100 ni tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ka ìwọ̀n kí ẹ tó da ìwúkàrà sí i, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bíà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1.048, tó jẹ́ mọ́ọ̀tì pátá, sábà máa ń dúró láàárín 1.010 sí 1.014. Bí ẹ bá fi ṣúgà tó pọ̀ kún mọ́ọ̀tì, ó lè sọ̀ kalẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ kà á, ẹ dúró ọjọ́ méjì, ẹ tún kà á, ẹ tún dúró ọjọ́ méjì, ẹ kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dọ́gba, tí òkè bíà ti ń mọ́, tí kò sì ní òórùn bí bọ́tà, ó ti tó. Kí ẹ tó kà á, ẹ dà á láti ife kan sí òmíràn nígbà mẹ́wàá kí gáàsì lè jáde, kí ẹ sì yí ọ̀pá náà díẹ̀, nítorí gáàsì tó bá lẹ̀ mọ́ ọn lára yóò gbé e sókè, yóò sì purọ́ fún yín. 20°C ni wọ́n ṣe èyí tó pọ̀ jù fún. Bí bíà bá wà ní 28°C, ẹ fi 0.002 kún ohun tí ẹ rí. Ẹ má da èyí tí ẹ kà padà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ṣé ìyàtọ̀ kékeré lè ṣe nǹkan kan? Ó lè ṣe é. 0.001 péré tó bá ṣẹ́kù kí ìwọ̀n tó sọ̀ kalẹ̀ tán lè fi gáàsì tó tó ìdámárùn-ún èyí tí bíà nílò kún ìgò. Bí ó bá ṣẹ́kù 0.004, tí ẹ tún wá fi ṣúgà ìgò (ìwọ̀nba ṣúgà tí a ń fi sí bíà nígbà tí a bá ń rọ ọ́ sígò, kí ó lè ní gáàsì) sí i, gáàsì inú rẹ̀ ti ń lọ sí ìlọ́po méjì.

Ìṣòro tó máa ń da ènìyàn láàmú jù ni ìwọ̀n tó dúró sókè, bí 1.020. Ó lè jẹ́ pé ìwúkàrà ti rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé omi gbóná ju 70°C lọ nígbà tí ẹ ń rẹ mọ́ọ̀tì, tí ṣúgà inú rẹ̀ fi di èyí tí ìwúkàrà kò lè jẹ. Ẹ bu ààbọ̀ lítà sínú ìgò kan, ẹ fi ṣíbí kékeré ìwúkàrà tuntun sí i, ẹ bò ó láìdé e pa, kí ẹ máa mì ín fún ọjọ́ méjì. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá wálẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì yín kò tíì ṣetán. Bí kò bá kúrò lójú kan, ó ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bíà tó ń sọ̀ kalẹ̀ láìdúró, tó kan, tí awọ funfun bo ojú rẹ̀, kòkòrò mìíràn ti wọ inú rẹ̀. Ẹ má rọ ọ́ sígò rárá.

Ní ti ṣúgà ìgò, fún 20 lítà bíà, 130 gíráàmù tó. Ẹ sè é nínú omi díẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ó tutù, kí ẹ dà á sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì mímọ́, kí ẹ wá fi rọ́bà fa bíà lé e lórí láìjẹ́ kí ó ta. Ìgò bíà tó nípọn ni kí ẹ lò, ẹ fi àyè ìka méjì sílẹ̀ lókè. Kí ẹ rọ ọ̀kan sínú ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó mọ́: bí ẹ bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ tí ó le bí òkúta kí ọjọ́ márùn-ún tó pé, ẹ kó gbogbo ìgò sínú fíríìjì lọ́jọ́ náà, kí ẹ fi aṣọ tó nípọn bo ọwọ́ bí ẹ ṣe ń gbé wọn.

Àwa tí a ń pọn bíà nílé,
Àkúrẹ́